Ohùn Àwọn Àgbà Tó Wà Lọ́wọ́ Azizatou

Kò sí ẹni tó rán Azizatou níṣẹ́ náà. Akọ̀wé ni lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò kan tó ń ṣe ìwé ilé àti ilẹ̀ ní Plateau, ní ìlú Abidjan. Ó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún. Treichville ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì ń gbé pẹ̀lú Samira, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Ìgbòho ni bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Faransé ni ilé-ìwé fi kọ́ ọ, nítorí náà Yorùbá tó ń gbọ́ ju èyí tó lè sọ lọ. Ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ kú ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé òun kò mọ orúkọ ìyá tó bí bàbá òun. Ó bi àwọn àbúrò bàbá rẹ̀, wọ́n ń wo ara wọn lójú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin yẹn.

Láti ìgbà náà ni Sátidé rẹ̀ ti di ti àwọn àgbà. Á mú búrẹ́dì gbígbóná dání, á lọ jókòó ti ẹni tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, á gbé tẹlifóònù sílẹ̀ láàárín wọn, á ní, "Bàbá, báwo lẹ ṣe dé Abidjan?" Àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn á kọ́kọ́ bi í pé ọmọ ta ni. Bàbá Sùrájù sọ bí òun ṣe ru ìlẹ̀kẹ̀ láti Ṣakí, bí òun ṣe sùn fún oṣù mẹ́rin nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Kumasi, àti bí ọ̀rẹ́ òun ṣe kú lójú ọ̀nà tí òun nìkan gbẹ́ ilẹ̀ sin ín. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò gbọ́ ọ rí. Ọdún mẹ́fà ni Azizatou fi ṣe é. Ẹni mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló sọ̀rọ̀ fún un, mọ́kàndínlógún nínú wọn sì ti lọ. Bí tẹlifóònù bá ti kún, á kó wọn kúrò níbẹ̀; gbogbo ohùn yẹn wà nínú dísìkì kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tó so mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ó mọ̀ pé iná àgbàlá wọn kò ṣe é fọkàn tán. Bó bá lọ tó tún dé, ó máa ń dé tagbáratagbára, ó sì ti jó fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n àwọn aládùúgbò. Nítorí náà ó ra parafoudre, ohun tí wọ́n ń fi sáàárín iná àti kọ̀ǹpútà kí agbára òjijì má baà ba á jẹ́. Ó pe Yacouba, oníná àdúgbò, kí ó wá bá a fi sí i. Yacouba ki irin kékeré kan bọ ihò iná lára ògiri, ó sì mi orí.

"Tantie, ihò kẹta yìí, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Kò sí wáyà ilẹ̀ nínú ilé yìí."

"Kí ni wáyà ilẹ̀ ń ṣe?"

"Bí iná bá pọ̀ jù, ó gbọ́dọ̀ rí ibi sá wọ inú ilẹ̀. Ohun tí ẹ rà yìí ló máa ń darí rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé yìí kò ní ibẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn la gọ́tà tí kò gbé e dé ibì kankan."

Kí wọ́n tó lè ri irin wáyà ilẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ní láti fọ́ sìmẹ́ńtì àgbàlá. Onílé sì ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ń bá ara wọn jà lórí ogún. Bí Azizatou bá pe ọ̀kan, yóò ní ó di ìgbà tí ẹbí bá ṣe ìpàdé. Bó bá pe èkejì, yóò ní kí ó má fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ilé bàbá òun. Ọdún méjì ló fi gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà.

Ohun tó kù fún un ni kí ó máa yọ kọ̀ǹpútà kúrò lára iná bí òjò bá ṣú. Lẹ́yìn náà ló tún rò ó pé, kí ló dé tí òun kò fi àwọn ohùn náà ránṣẹ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí iná Treichville kò ti lè dé? Ó ní kí wọ́n bá òun gbé àpótí wífí wá sílé. Wọ́n fa ìlà tẹlifóònù wọlé fún un, ó sì fi okùn so àpótí náà mọ́ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn àgbà gùn, íńtánẹ́ẹ̀tì sì ń fà bí ìgbín. Ohùn ẹnì kan lè gba ọjọ́ méjì. Bí ó bá já lágbedeméjì, àfi kí èèyàn tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mẹ́rin péré ló ti kọjá. Ti Bàbá Sùrájù ló ṣe ìkarùn-ún, ó sì ti já lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́rú kan ni, nínú oṣù kẹfà, ní ọ̀sán. Azizatou wà ní ọ́fíìsì, ó yíjú sí fèrèsé, ó rí i pé ojú ọ̀run lórí ọ̀sà ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó pe Samira, tí kò lọ sí yunifásítì lọ́jọ́ náà.

"Samira, yọ kọ̀ǹpútà kúrò lára iná, kíákíá."

"Mo ti yọ ọ́, Màmá. Bátìrì ló ń lò. Wífí ńkọ́? Ṣé kí n yọ òun náà?"

"Rárá o! Má fọwọ́ kàn án. Bàbá Sùrájù ló ń lọ yẹn. Mélòó ló ti dé nínú ọgọ́rùn-ún?"

"Quatre-vingt-onze."

"Ó ku mẹ́sàn-án péré. Fi sílẹ̀, jọ̀wọ́."

"D'accord, Màmá."

Kò tó ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà tí àrá kan sán, tí gíláàsì fèrèsé ọ́fíìsì fi gbọ̀n. Ó tún pe Samira. Kò gbé e. Ó pè é lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó wọ takisí, ṣùgbọ́n omi ti gba ojú títì, ọkọ̀ sì dúró pa lórí afárá. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wo Treichville lódìkejì omi, bẹ́ẹ̀ ni kò lè débẹ̀. Ní wákàtí yẹn kò rántí dísìkì kankan. Ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń rò.

Nígbà tó dé, Samira jókòó sí ẹnu ọ̀nà, tẹlifóònù rẹ̀ wà nínú yàrá tí ẹ̀rù kò jẹ́ kó padà wọ̀. Òórùn rọ́bà jíjó gba gbogbo ilé. Azizatou gbá a mọ́ra.

"Màmá, mi ò fọwọ́ kàn án," ni ọmọ náà ń wí. "Bí ẹ ṣe ní kí n ṣe ni mo ṣe."

"Mo mọ̀. Mo mọ̀, ọmọ mi."

Ní ọjọ́ kejì Yacouba tú àpótí wífí náà. Ó fi ibi tí ìlà tẹlifóònù ti wọlé hàn án, ó dúdú bí èédú.

"Àrá náà kò gba ọ̀nà iná wọlé rárá, Tantie. Ọ̀nà ibí ló gbà. Ó gba inú wífí, ó tọ okùn wọ kọ̀ǹpútà, ó sì dé ara dísìkì. Bí òjò bá ṣú, gbogbo ohun tó bá ní okùn lára ni kí ẹ máa yọ. Iná nìkan kò tó."

"O ò sọ fún mi."

Yacouba wo ilẹ̀. "Wífí kò tíì sí níbí nígbà tí ẹ pè mí. Ọ̀rọ̀ iná lẹ bi mí."

Kò sí ẹni tí Azizatou lè bínú sí. Ìyẹn gan-an ló ń dùn ún jù.

Ó gbé dísìkì lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Adjamé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dá a padà. Azizatou wá fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Faransé, sí ibi tí wọ́n ti mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó padà wá tòun ti ìwé ojú kan: wọn kò rí ohunkóhun mú jáde. Ohùn mẹ́rin tó ti dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù.

Mustaqeem, ọmọ Bàbá Sùrájù, pè é ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Àdúrà ọdún kan tí bàbá kú ti súnmọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi ohùn bàbá ránṣẹ́. Àwọn ọmọ-ọmọ fẹ́ gbọ́ ọ."

Azizatou sọ fún un. Ó gbìyànjú láti fi Yorùbá sọ ọ́, kò tíì parí rẹ̀ tó fi bọ́ sínú Faransé.

"Ó dáa, Ẹ̀gbọ́n," ni Mustaqeem sọ. "Kò sóhun tí a lè ṣe sí i." Ó dágbére, ó sì pa tẹlifóònù. Kò tún pè mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn Azizatou kó ara rẹ̀ jọ. Ó kọ orúkọ àwọn tí ohùn wọn sọnù, tí wọ́n ṣì wà láàyè. Méjì ti padà sí Nàìjíríà, ẹnì kan kò gbọ́ràn mọ́, ọmọ ẹnì kan ní dókítà kò fẹ́ kí ìyá wọn máa sọ̀rọ̀ púpọ̀. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó lọ sọ́dọ̀ Màmá Rùmáísà, ọ̀kan nínú àwọn tó kù, lẹ́yìn ọjà. Ìyá náà jókòó sórí ẹní, ó ti rù gidigidi. Ó gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣe àdúrà fún un.

"Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún sọ fún mi. Bí ẹ ṣe dé ibí yìí."

Ìyá wò ó, ojú rẹ̀ tutù.

"Ṣebí mo ti sọ ọ́ fún ọ? O kó o sínú ẹ̀rọ rẹ. Mo ní, ah, mo ti rí ẹni kó o fún." Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. "Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi. Lọ tẹ́tí sí i níbẹ̀."

Ó di ojú rẹ̀. Azizatou jókòó tì í títí ìyá fi sùn, tẹlifóònù ṣì wà nílẹ̀ láàárín wọn, ó ń gba èémí ìyá náà sílẹ̀.