Ẹtu Tó Wọ Bẹ́líìtì

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ìgbẹ́ ṣì wà lẹ́yìn ilé wa ní Mowe níbí, ẹtu kan wà tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ jókòó dáadáa, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú títí dòní, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín.

Olùkọ́ yunifásítì kan ló wá, obìnrin, òun àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ méjì. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá mi àgbà, ó ní àwọn fẹ́ mọ bí ẹtu ṣe ń gbé nítòsí èèyàn. Ọdẹ ni bàbá àgbà, a rò pé yóò lé wọn ni. Ṣé ẹ mọ̀ pé ńṣe ló gbé ìbọn kọ́ ògiri? Ó so màrìwò sí ẹnu ọ̀nà ìgbẹ́, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dẹ pàkúté níbẹ̀ mọ́, gbogbo ilé sì gbà. Wọ́n mú abo ẹtu kan, wọ́n so bẹ́líìtì mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n sì tú u sílẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú bẹ́líìtì náà. Bí olùkọ́ bá gbé irin kan tó dà bí áńtẹ́nà tẹlifíṣọ̀n sókè, yóò máa dún kín-kín-kín, a ó sì mọ ibi tí ẹtu wà.

Àwa ará ilé la la ọ̀nà fún wọn. Bàbá àgbà ní a kò gbọdọ̀ là á tààrà, kí ẹ̀rù má baà ba ẹran náà: ibi tí ẹtu bá gbà ni ká gbà, ibi tó bá yà sí ni ká yà sí. Èmi ọmọbìnrin yìí ni mo máa ń ṣíwájú pẹ̀lú àdá kékeré. Mo mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mo mọ abẹ́ igi tó ń sùn sí. Nígbà tó lóyún, èmi ni mo kọ́kọ́ rí ikùn rẹ̀, olùkọ́ sì gbá mi mọ́ra.

Àbúrò bàbá mi kan wà nínú ilé, olójúkòkòrò èèyàn. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí bàbá àgbà lọ sí Ifọ̀, tí olùkọ́ sì ti padà sí yunifásítì, ó mú ọkùnrin mẹ́ta wá láti Èkó, wọ́n gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dání. Ó ní, "Ìwọ lo mọ ọ̀nà, mú àwọn bùọ̀dá yìí lọ." Mo rò pé ara àwọn olùkọ́ ni wọ́n. Èmi fúnra mi ni mo yọ màrìwò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè kọjá! Mo fi gbogbo ọ̀nà hàn wọ́n, títí dé ibi tí ẹtu ń sùn. Ọ̀kan ní, "Ọ̀nà ti wà ńlẹ̀. Katapílà á kàn fẹ̀ ẹ́ ni." Mi ò mọ̀ pé àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ni wọ́n, mi ò mọ ohun tó ń sọ. Mo tún ń yangàn.

Kí olùkọ́ tó padà dé lóṣù kejì, wọ́n ti ta ìgbẹ́. Bàbá àgbà pariwo títí, wọ́n ní mọ̀lẹ́bí ti fọwọ́ sí i. Olùkọ́ gbé irin rẹ̀ sókè, ó dún. A sáré, inú mi ń dùn pé ẹtu wa ṣì wà. Àtíbàbà àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ló gbé wa dé. Bẹ́líìtì náà wà lọ́rùn ajá wọn. Ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, ó ní ẹran náà dùn, àti pé oyún wà nínú rẹ̀.

Olùkọ́ tú bẹ́líìtì, ó lọ, kò padà wá mọ́. Bàbá àgbà bi mí pé ta ló mú wọn dé ibẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀. Irọ́ yẹn ló gbọ́ kó tó kú.

Ayé ti yí. Ilé ti kún láti ibí dé Asese, àbúrò bàbá mi sì ti kọ́ tirẹ̀, gbogbo yín ń pè é ní Dádì. Èmi ò pè é. Ẹ má bẹ̀ mí nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń bú títì ẹ̀yìn ilé yìí, tí ẹ ní wèrè wo ló la ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ bẹ́ẹ̀, tí ọ̀kadà fi ń ṣubú lójoojúmọ́: kì í ṣe wèrè. Èmi ni. Ibi tí ẹtu yà sí ni mo yà sí.