Imú Mi àti Ẹ̀gẹ́ Ìyá Ọkọ Mi

Lẹ́yìn ikú ọkọ mi, àyà mi há. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èémí á wọlé, kò ní dé ìsàlẹ̀ ikùn, ọ̀nà ọ̀fun ló ti máa ń padà. Mo lọ sí ilé ìwòsàn ní Pobẹ̀, wọ́n yẹ̀ mí wò dáadáa, wọ́n ní ara mi le, pé kí n ṣáà máa sinmi. Ṣé ẹni tó ń ta aṣọ lọ́jà ló ń sinmi? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì gbé ìbínú mi lọ sílé.

Oníbàárà mi kan, obìnrin ará Àjàṣẹ́, ló ràn mí lọ́wọ́. Ó ń lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ yógà níbẹ̀, ó ní àwọn ará Íńdíà ti ń fi èémí tọ́jú ara àti ọkàn láti ìgbà láéláé. Ó jókòó sórí àpótí nínú ìsọ̀ mi, ó fi àtàǹpàkò dí ihò imú ọ̀tún, ó sì fi ti òsì fa èémí wọlé díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fi ìka tí a ń fi òrùka sí dí ti òsì, ó ṣí ti ọ̀tún, ó jẹ́ kí èémí náà gba ibẹ̀ jáde. Ó tún fi ọ̀tún fa òmíràn, ó sì jẹ́ kó gba òsì jáde. Kò ju ìyẹn lọ. Mo rẹ́rìn-ín. Ìdílé oníṣòwò ni wọ́n bí mi sí ní Sakété, Mùsùlùmí ni wá, láti kékeré ni mo ti ń fa omi símú tí mo bá ń ṣe àlùwàlá. Mo ní kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ kọ́ mi nípa imú.

"Ẹ kàn gbìyànjú ẹ̀, màdáàmù," ló fi dá mi lóhùn.

Mo gbìyànjú ẹ̀. Ní ìdájí, tí mo bá ti kírun àsùbáà tán lẹ́yìnkùlé, mi ò ní dìde lórí ẹní. Bí mo ṣe kọjú sí gábàsì náà ni n óò ti bẹ̀rẹ̀ sí í mí, òsì, ọ̀tún, ọ̀tún, òsì. Mi ò rí ìran kankan o. Àyà mi ló kọ́kọ́ máa ń rọ̀. Orí mi á wá fúyẹ́, ojú mi á là bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi tútù bọ́jú, agbára á sì wà nínú ẹsẹ̀ mi. Tí mo bá dé ọjà, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà títí oòrùn á fi kan àtàrí, àwọn tó bá mọ̀ mí sì mọ̀ pé iṣẹ́ ìyanu nìyẹn. Nígbà mìíràn, láàárín èémí tó wọlé àti èyí tó fẹ́ jáde, ibì kan máa ń dákẹ́ nínú mi, mo sì máa ń rò pé ibẹ̀ ni àdúrà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ń gbà wọ̀ mí lára.

Èmi àti ìyá ọkọ mi nìkan ló kù nínú ilé náà. Àgbẹ̀ ni wọ́n, ọmọ Ahoyéyé, onígbàgbọ́ tí kì í pa ìsìn ọjọ́ Ìsinmi jẹ. Láfún ni ọmọ wọn fẹ́ràn jù láyé, nítorí náà Ìyá kì í ṣe aláìní ẹ̀gẹ́ nínú àgbá. Wọ́n á bó o, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé títí á fi rọ̀, kí wọ́n tó sá a sóòrùn. Ní ìrọ̀lẹ́, tí ọkọ mi bá ti oko dé, ó máa ń ṣí ọmọrí àgbá, á tẹ̀ ba, á gbóòórùn rẹ̀, á ní, "Ó kù díẹ̀." Èmi kì í sún mọ́ ọn, ìrẹsì ni mo fẹ́ràn. Nígbà tí ọkọ mi kú, Ìyá kò dáwọ́ ẹ̀gẹ́ rírẹ dúró. Mi ò béèrè ẹni tí wọ́n ń rẹ ẹ́ fún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i pé àgbá ti kúrò lábẹ́ máńgòrò, ó ti wà lẹ́bàá ògiri. Nígbà tó yá, mo rí i lẹ́yìn balùwẹ̀. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í dá jẹun. Tí mo bá kí wọn, wọ́n á dáhùn ní kúkúrú, wọ́n á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní ọ̀rọ̀ náà ti yé mi: wọ́n rò pé oògùn ni mò ń ṣe lẹ́yìnkùlé ọmọ wọn. Mo ní mi ò ní jáwọ́, nǹkan kan ṣoṣo tó ń jẹ́ kí n rí èémí mí, ẹnikẹ́ni ò ní gbà á lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Tí Ìyá bá kúrò, ta ni èmi àti rẹ̀ yóò jọ máa rántí ọkọ mi?

Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ìró zémìjàn, alùpùpù akérò, lẹ́nu ọ̀nà. Mo sáré jáde. Ìyá ti di ẹrù wọn, wọ́n ń padà lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn ní Ahoyéyé. Mo kúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe?"

"Ìyàwó, o ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yin ọmọ oníṣòwò Sakété, imú yín ò gba òórùn oko, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ló kọ́ ilé yìí. Lójoojúmọ́ lò ń jókòó síwájú ẹ̀gẹ́ mi, tí ò ń dí imú. Mo gbé e lọ sẹ́bàá ògiri, ò ń dí imú. Mo gbé e lọ sẹ́yìn balùwẹ̀, o ṣì ń dí i. Ó wá kù kí n gbé ara mi lọ."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu mi, kí n tó rántí pé kò sí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá dí imú síwájú oúnjẹ àgbàlagbà ti bú u kọjá ohun tí ẹnu lè bú. Mo ṣàlàyé. Mo fi ìka hàn wọ́n, ọ̀tún, òsì.

"Ọlọ́run fún ọ ní ihò méjì, ọ̀kan lo wá ń fi mí?"

"Ìyá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ̀gẹ́ yín ò tilẹ̀ rùn rárá."

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ojú wọn le.

"Irọ́ nìyẹn. Ẹ̀gẹ́ tó bá rẹ dáadáa gbọ́dọ̀ rùn. Àbí o fẹ́ sọ pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ̀gẹ́ ni?"

Wọ́n gbé àpò wọn lé orí alùpùpù. Mo dìde, mo lọ sẹ́yìn balùwẹ̀, mo fa àgbá náà títí tó fi dé abẹ́ máńgòrò, omi rẹ̀ ń dà sí mi lẹ́sẹ̀. Mo ṣí ọmọrí, mo tẹ́ ẹní mi tì í, mo jókòó. Mo dí ihò imú ọ̀tún, mo fi ti òsì fà á.

Ó kan, ó nípọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bì mí ṣubú. Mo ń fà á lọ. Ìrọ̀lẹ́ ilé wa ló wà nínú òórùn náà, pẹ̀lú ọkọ mi tó tẹ̀ ba lórí àgbá. Àárò rẹ̀ sọ mí, omijé bọ́ lójú mi. Èémí yẹn dé ìsàlẹ̀ ikùn. Mo dí òsì, mo jẹ́ kó gba ọ̀tún jáde, mo sì tún fa òmíràn.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Ìyá lẹ́yìn mi.

"Ṣé ó ń rùn?"

"Ó ń rùn, Ìyá. Ó ń rùn gan-an."

Wọ́n ké sí oní-zémìjàn pé kó sọ ẹrù àwọn kalẹ̀. Wọ́n wá jókòó sí etí ẹní mi, wọ́n tẹ̀ ba lórí àgbá, wọ́n fi ihò imú méjèèjì gbóòórùn rẹ̀.

"Ó kù díẹ̀," ni wọ́n wí.