Omi Tó Wọ Ọkọ̀ Wa Kó Tó Dé Odò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí lórí ọkọ̀ ojú omi kan ní Ìgàndò, lẹ́yìnkùlé wa níbi tí kò ti sí odò! Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé èmi kì í sábà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n èyí ti pẹ́ jù nínú mi.

Lásìkò tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó mú kí ìlú le, gbòde, wọ́n dá ọkọ mi, Bàbá Rónkẹ́, dúró lẹ́nu iṣẹ́. Awakọ̀ ojú omi ni. Òun ló ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan sọdá ọ̀sà láràárọ̀. Láti ọjọ́ tó ti délé, ó kọjú sógiri. Kì í wẹ̀ àfi tí mo bá gbé omi síwájú ẹ̀. Tí èmi tàbí ìyá ẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ wa bá gbé oúnjẹ fún un, á ní òun ti yó. Kí ló jẹ tó fi yó? Mo kó gbogbo òògùn eku kúrò nílé, mi ò sì sọ ìdí ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ṣàdédé ló dìde lọ́jọ́ kan. Ó lọ síbi iṣẹ́ ẹ̀ àtijọ́, ó sì tọrọ ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ti pa tì sínú igbó níbẹ̀. Fáíbà ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe pákó. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ṣì lẹ́mìí, àmọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti lu, igi kékeré kan tiẹ̀ ti hù nínú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kan ní ìlú Ọjọ́ létí ọ̀sà ti ṣèlérí fún un: tó bá lè tún un ṣe kí òjò tó dé, àyè wà fún un láàárín àwọn tó ń kó èrò ní èbúté.

Lọ́jọ́ tí lọ́rì gbé e dé, Ìyá Sìkírù tó ń gbé ní òdìkejì wa bọ́ síta.

"Bàbá Rónkẹ́, ẹ kú oríire o! Ṣé inú kànga lẹ ti máa wà á ni?"

Gbogbo àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín! Mo sá wọ ilé ìdáná, mo sunkún. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Ó gé ibi tó ti bàjẹ́ kúrò, ó fi sánpépà ha á. Eruku fáíbà ń yún gbogbo wa bíi wèrèpè, àmọ́ ta ló bìkítà? Ọkọ mi ti ń jí! Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á gé fáíbà tuntun tó rí bí aṣọ òtútù, á tẹ́ ẹ sójú ibi tó lu, á fi tapólì bò ó. Tó bá di àárọ̀, á po résìn, oje tó máa ń lẹ fáíbà pọ̀, mọ́ òògùn tó ń mú un dì, á fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún lé fáíbà náà lórí. Tó bá gbẹ, ó yẹ kó le bí òkúta.

Kò le o. Ó funfun bí omi ògì, ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Tí ẹ bá fà á, á ṣí bí èèpá egbò.

Ó ha á kúrò, ó tún un ṣe. Bákan náà ló rí. Àwọn kan ní ọyẹ́ ló fà á. Ọkọ mi ní rárá, Múfú tó ń ta résìn ní Dọ̀pẹ̀mú ló ti bu omi lù ú. Ẹ ṣáà mọ Èkó. Kẹrosíìnì, òróró, epo pupa, kí ni wọn kì í bu omi lù? Mo tẹ̀ lé e lọ. Ariwo yẹn ò kéré! Múfú búra títí, inú wá bí òun náà.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìgàndò, ẹ̀yin lẹ tún wá ń wá omi nínú résìn mi?"

A fi ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ sílẹ̀, a ra ti ẹlòmíì. Ìyẹn náà ò le.

Ọkọ mi tún tẹ́ fáíbà mìíràn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bí ẹni tí kò mọ ohun tí ì bá tún ṣe. Láàárọ̀, ó ká tapólì kúrò, ó wo inú ọkọ̀ náà, kò mú búrọ́ọ̀ṣì. Ó wọlé, ó gbé kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì àti ìṣáná jáde.

"Màmá Rónkẹ́, kó aṣọ kúrò lórí okùn."

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní kí èéfín má bàa bà wọ́n jẹ́.

Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Mo mọ̀ pé tí ọkọ̀ yẹn bá jóná, ọkọ mi á padà síbi ògiri, kò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Èmi tí kì í jiyàn, mo gun inú ọkọ̀ náà, mo jókòó.

"Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sun ún, ẹ sun mí mọ́ ọn."

"Sọ̀ kalẹ̀."

Mi ò sọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti wá rí i pé ìró mi ti tutù. Omi? Nínú ọyẹ́ tó ń la ètè ènìyàn, lábẹ́ tapólì? Mo fọwọ́ kan fáíbà náà, mo gbé ọwọ́ sí imú. Lọ́fínńdà!

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń lo lọ́fínńdà yẹn nílé wa. Màmá, ìyá ọkọ mi, ni. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ, wọ́n sì máa ń kán an sínú omi àdúrà wọn. Ní ìdájí, wọ́n máa ń gbé ìgò wọn lọ sẹ́yìnkùlé. A rò pé àdúrà lásán ni wọ́n ń lọ gbà. Wọ́n ti ń ká tapólì sókè, wọ́n ń wọ́n omi sójú fáíbà náà, ibi tó fọ́ gan-an!

Mo wo ọkọ mi, mo wo kẹ́ẹ̀gì ọwọ́ ẹ̀. Tí mo bá sọ ọ́ níbẹ̀, kí ló máa ṣe fún ìyá ẹ̀? Kí ló máa ṣe fún ara ẹ̀? Mo kàn ní omi ti wọ abẹ́ tapólì. Mo ní kó jẹ́ ká sá fáíbà náà sóòrùn, ká tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí i. Mo ní tí kò bá le, èmi fúnra mi ni màá ṣá ìṣáná. Ó pẹ́ kó tó gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn sílẹ̀.

Mo lọ bá Màmá nínú yàrá, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ gbà mí o, báwo lẹ ṣe ń sọ fún ìyá ọkọ yín pé àdúrà wọn ló ń ba iṣẹ́ ọmọ wọn jẹ́?

"Màmá, ọkọ̀ yìí ò tíì tó gba omi. Inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ kó tó lè le."

Wọ́n wo ìgò wọn. "Ìyàwó mi, ṣé èmi ni mò ń bà á jẹ́?"

Mi ò lè parọ́, mi ò sì lè ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kí wọ́n bá mi tọ́jú omi náà di ọjọ́ tí ọkọ̀ máa bọ́ sódò.

"Ọmọ tí mo bí kọjú sógiri," ni wọ́n wí. "Kí ni kí n ṣe?"

Àwa méjèèjì sunkún, a ò jẹ́ kí ohùn wa jáde.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá dúró ti ọkọ̀ náà ní ìdájí, wọ́n dé ìgò wọn pa, wọ́n fi há abíyá. Ẹ ò rí i pé bí ààwẹ̀ gbígbẹ ṣe wà, àdúrà gbígbẹ náà wà! Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọkọ mi kun résìn. Lọ́sàn-án ó pè mí. Ó fi eegun ìka kan ojú ibẹ̀: kó, kó, kó.

"Gbọ́," ló wí. Ó tún kàn án. "Gbọ́, Màmá Rónkẹ́."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó fẹnu ara ẹ̀ béèrè oúnjẹ.

Mo lọ bẹ Múfú ní Dọ̀pẹ̀mú. Mo jẹ́wọ́ pé ilé wa ni omi ti wá, mi ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Òjò ò tíì dé tí lọ́rì fi wá gbé ọkọ̀ náà. Ìyá Sìkírù tún bọ́ síta: "Ṣé kànga ti gbẹ ni?" Ní èbúté Ọjọ́, wọ́n tì í sómi. A dúró, a ń wo ìsàlẹ̀ ẹ̀. Kò jò! Màmá wá ṣí ìgò wọn, wọ́n da gbogbo omi náà sí iwájú ọkọ̀.

"Màmá," ọkọ mi ní, "ṣé omi ibí yìí ò tó ni?"

Màmá tẹ̀ sí etí mi.

"Ṣé ó ti tó gba omi báyìí?"

"Ó ti tó, Màmá."

Màmá ti sùn nínú Olúwa báyìí. Lẹ́yìn ìsìnkú wọn ni mo tó sọ ọ́ fún ọkọ mi. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kì í ṣe ọ̀tá nìkan ló ń ba iṣẹ́ ẹni jẹ́. Ẹni tó fẹ́ràn wa náà lè máa ṣe é, ọ̀rọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ariwo. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti fi ìfẹ́ ba nǹkan yín jẹ́ rí, báwo lẹ sì ṣe là á yé e? Ẹ sọ tiyín fún mi, etí mi wà nílẹ̀.