Èémí Tí À Ń Fi Kúnlẹ̀

Ọjọ́ tí ẹ̀yìn Màdáàmù Adéṣeun há lórí ẹní mi, obìnrin mẹ́rìnlá ló wà nínú gbọ̀ngàn, gbogbo wọn ló sì gbọ́ igbe tó ké. Èmi tíṣà wọn dúró níwájú nínú ṣòkòtò dúdú tó lẹ̀ mọ́ mi lára, mo gbé àyà síta, mo ń ka òǹkà ní òyìnbó bí ẹni tó ń kó ọmọ ogun rìn. Mo ti kà kọjá ọgọ́ta kí n tó mọ̀ pé igbe ìrora ni obìnrin náà ń ké. Ẹ ti rí irú tíṣà tí mo jẹ́ nígbà náà. Aṣehàn lásán ni mí.

Pìlátíìsì ni iṣẹ́ mi. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Púpọ̀ nínú àwọn tó ní àwọn mọ̀ ọ́n ní Ilé-Ifẹ̀ níbí ni kò mọ̀ ọ́n. Eré ìdárayá orí ẹní ni. A kì í sáré, a kì í gbé irin. Ńṣe la ń kọ́ ikùn àti ẹ̀yìn bí wọ́n ṣe ń gbé ara ró, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú èémí. Òyìnbó kan ló dá a sílẹ̀, àwọn oníjó sì wà lára àwọn tó tètè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń fi sátífíkéètì gbéra ga nílùú yìí kì í fẹ́ gbọ́ ti àwọn oníjó yẹn rárá.

Èmi gan-an, oníjó ni mí kí n tó di tíṣà. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi jó nínú ẹgbẹ́ kan tí Màmá Ẹ̀bùn jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Àwọn ará ilé mi ń pe ijó ní iṣẹ́ ọ̀lẹ, àwọn kan náà ló sì máa ń ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá jó fún àlejò wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Màmá Ẹ̀bùn kò ní sùúrù, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Bí a bá ń jó, á wá láti ẹ̀yìn, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé wa ní ìhà. Bí ìhà ènìyàn kò bá wú kó sì fà padà, á gbá onítọ̀hún lórí.

“Òkú ni kì í mí,” ni yóò wí. “Ṣé òkú ni mo ń kọ́ níjó ni?”

Nígbà tí ọrùn ẹsẹ̀ mi kò gba ijó mọ́, mo lọ kọ́ Pìlátíìsì ní Èkó. Ọmọbìnrin tó kọ́ wa kò ju ọmọ tí mo lè bí lọ, imú ló sì fi ń sọ̀rọ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Àǹtí, ijó yẹn ti ba ara yín jẹ́. Ẹ gbàgbé ẹ̀ pátápátá.” Mo gbàgbé rẹ̀. Ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ kì í bá ẹni tó fẹ́ fún un ní sátífíkéètì jiyàn. Mo fi sátífíkéètì náà sínú férémù, mo gbé e kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn kan tí mo háyà ní Párákin, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú sọ̀rọ̀.

Ẹ ò rí àwọn oníbàárà! Ọ̀kan fẹ́ kí n bá òun mú ikùn kúrò kí Sátidé tó dé. Òmíràn á sùn sórí ẹní, á ya fọ́tò, á dìde, á lọ ra míìtì páì. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wá lẹ́ẹ̀mejì, kò sùn sílẹ̀ rárá. Orí àga ló jókòó sí, tó ń ṣàlàyé iṣẹ́ iṣan fún àwa tí iṣan ń ro. Gbogbo wọn ló sì ní àìsàn kan náà. Bí mo bá ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè, wọ́n á gbé afẹ́fẹ́ mì, wọ́n á sé e mọ́nú, ojú wọn á ràn kankan. Mo rí i. Mo sì ń ka òǹkà mi lọ.

Màdáàmù Adéṣeun yàtọ̀ sí wọn. Òṣìṣẹ́ àgbà ni ní yunifásítì, àwọn kíláàkì rẹ̀ a máa gbé ẹ̀rín mì bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró bàtà rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, ọ̀dọ̀ mi ló wá tààrà.

“Tíṣà, mo fẹ́ lè kúnlẹ̀.”

“Ìkúnlẹ̀ kẹ̀, mà? Kò sí ìkúnlẹ̀ nínú Pìlátíìsì.”

“Ìkúnlẹ̀ tí a fi ń kí ìyá ọkọ.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo sé e mọ́nú. Ó jókòó, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Modákẹ́kẹ́, ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Láti ọdún méjì tí ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dun Màdáàmù, òòró ló máa ń dúró kí ìyá náà, á kàn tẹrí ba. Ìyá ti gbà pé ipò ọ́fíìsì ló ń gun ìyàwó. Bó bá kí i, “hẹ̀n” ni ìdáhùn, ìyá á sì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó ti ṣàlàyé fún un pé ẹ̀yìn ni. Ìyá bi í pé irú ẹ̀yìn wo ló ń gba ìjókòó mọ́tò dé Àbújá tí kò gba ìkúnlẹ̀. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí eegun tó ṣẹ́, kó lọ máa ṣe eré ìdárayá.

“Ìyá yẹn ló bá mi tọ́ ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà tí mo ń kàwé,” ló wí. “Mi ò fẹ́ kó lọ, kó jẹ́ pé ó gbà pé mo rí òun fín.”

Ó yẹ kí àánú rẹ̀ ṣe mí. Rárá o. Ohun tí mo rí ni obìnrin ńlá tí yóò sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ni òun ti ń gba ìwòsàn. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo gbé e sínú eré tí a ń pè ní Ọgọ́rùn-ún. Ènìyàn á sùn sílẹ̀, á gbé orí àti ẹsẹ̀ sókè, á máa fi ọwọ́ méjèèjì lu afẹ́fẹ́ títí òǹkà á fi pé ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Màdáàmù sé èémí mọ́nú, ó le koko bí pákó, ẹ̀yìn rẹ̀ sì há. Ẹní yẹn la fi gbé e lọ sínú mọ́tò rẹ̀, ènìyàn mẹ́fà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn ti dé Lágere pé tíṣà eléré ìdárayá fẹ́ pa ọ̀gá kan ní yunifásítì. Ìdajì kíláàsì mi kò padà wá.

Mo lọ sọ́dọ̀ Màmá Ẹ̀bùn ní Ìrẹ̀mọ. Ẹkún ni mo gbé lọ. Ó jẹ́ kí n sun ún tán, kí n sì ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀, ó wá ní kí n sùn sílẹ̀ kí n ṣe Ọgọ́rùn-ún náà fún òun wò. Mo ṣe é lórí símẹ́ńtì.

“Ta lò ń bá jà?” ló béèrè.

“Kò sẹ́ni tí mò ń bá jà, mà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.”

“Wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Obìnrin yẹn, báwo ló ṣe ń kúnlẹ̀? Ṣe é fún mi.”

Mo ṣe é bí mo ti rí i tí Màdáàmù ń gbìyànjú rẹ̀. Mo di àga mú, mo fa afẹ́fẹ́ sínú, mo sé e, mo tẹ orúnkún díẹ̀, mo dúró síbẹ̀ bí ewúrẹ́ tó rí odò.

“Kò kí i?”

“Á kúnlẹ̀ tán ná, mà, kó tó kí i.”

Màmá Ẹ̀bùn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Níbo lo ti rí ìyàwó tó ń kúnlẹ̀ láìfọhùn? Ìgbà tí orúnkún ń lọ ni ẹnu ń kí. Ìkíni yẹn, kí ló fi ń jáde? Èémí kọ́? Bí èémí bá ń jáde, ikùn á wọlé, á gbá ẹ̀yìn mú, ara á rọ̀, á sì wálẹ̀. Ṣé kì í ṣe bí mo ṣe kọ́ yín láti jó wálẹ̀ nìyẹn? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́!”

Ojú tì mí gidi. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ń mí síta wálẹ̀ nínú ijó, àwọn ìyá wa sì ń ṣe é láàárọ̀ láàárọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, èmi wá lọ sí Èkó lọ sanwó kí wọ́n bá mi gbàgbé rẹ̀.

Mo lọ bẹ Màdáàmù nílé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò dùn lẹ́nu ìyá olè. Mo kàn wí pé mo ṣe àṣìṣe, ìgbéraga ló sì fà á. Ó wò mí títí. “Ó ṣe é gbọ́ lẹ́nu rẹ,” ló wí. Oṣù kan lẹ́yìn náà, ó padà wá.

Láti ìgbà náà ni mo ti pa òǹkà tì. Ìkíni la fi ń ṣe eré wa, a sì ní i lọ́pọ̀, torí kò sí ohun tí Yorùbá kì í kí ènìyàn fún. Bí a bá ń tẹ ẹ̀yìn sẹ́yìn láti ìjókòó, a ó fa “ẹ kú ìjókòó o” gùn títí ẹ̀yìn á fi kan ẹní. Bí a bá ń na ẹsẹ̀, “ẹ kú ìrìn o” ni. Ẹnu tó ń kíni kò lè sé èémí. Ká tó sùn sílẹ̀ rárá, a ó kọ́kọ́ fi ìdí jó díẹ̀, ká máa pàtẹ́wọ́ fún ara wa, kí ìbàdí lè jí. Àwọn ìyàwó olùkọ́ tó ti gbàgbé pé àwọn ní ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí ọmọge.

Ọkùnrin kan tí sátífíkéètì rẹ̀ pé mẹ́rin, tó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ọ̀nà Ìbàdàn, wá wò wá lọ́jọ́ kan. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó ká apá mọ́yà.

“Àǹtí, ẹ má bínú o. Èyí kì í ṣe Pìlátíìsì. Ijó àti ìkíni lẹ̀ ń ṣe.”

“Kò burú. Wá sùn sórí ẹní yìí, kí o máa ká ara dìde díẹ̀díẹ̀, kí o sì máa kí mi lọ títí wàá fi jókòó.”

Ó sùn sílẹ̀. Ó kí mi dé ìdajì, èémí tán, ó ṣubú padà, orí rẹ̀ sì lu ilẹ̀. Obìnrin kan tó ti di ìyá àgbà ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó jókòó tán, ohùn ṣì kù lẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin náà rántí pé òun ní ìpàdé kan níbòmíràn.

Fún Màdáàmù, oṣù mẹ́rin gbáko ni. Orí àpótí ló kọ́kọ́ ń kúnlẹ̀ dé, ó di orí ìrọ̀rí méjì, ó di ẹyọ kan. Lọ́jọ́ tí orúnkún rẹ̀ kan ẹní, ó dìde. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó ní, “Sátidé la ń lọ sí Modákẹ́kẹ́. Ìwọ náà ń bá mi lọ, bí ẹ̀yìn bá tún há.”

Ìyá wà ní fàráńdà níjọ́ náà, ó ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Ó gbọ́ ìró mọ́tò, kò gbójú sókè. Màdáàmù bọ́ bàtà rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá há níbẹ̀, ìyá náà kò tún ní gbà á gbọ́ láéláé. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì mú ìbàdí ara mi, mo tẹjú mọ́ ìhà rẹ̀. Ó mí sínú. Ó ṣí ẹnu.

“Ẹ kááàárọ̀ o, mà…”

Orúnkún ọ̀tún kan ilẹ̀, tòsì tẹ̀ lé e, ìkíni kò sì tíì tán lẹ́nu rẹ̀.

Ọwọ́ ìyá dúró lórí àtẹ. Ó wo ìyàwó rẹ̀ láti orí dé orúnkún, ó sì pẹ́ lórí orúnkún náà.

“Ìyàwó mi,” ló wí. “Ẹ̀yìn ni lóòótọ́?”

“Ẹ̀yìn ni, mà.”

“Dìde, ọmọ mi. Dìde, ó tó. Kó má lọ tún dùn ọ́.”

Màdáàmù kò dìde. Ó gbé orí lé ẹsẹ̀ ìyá náà, ó ń sunkún, ìyá sì ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ẹ wo bí mo ṣe dúró síbẹ̀ tí mò ń yọ̀! Mo ń wò wọ́n bí alágbẹ̀dẹ tó ń wo àdá tó rọ, mo sì ń bá àwọn ará Èkó àti onísátífíkéètì mẹ́rin wí nínú ọkàn mi. Bí ìyá ṣe gbójú sókè nìyẹn tó wò mí, èmi àti ọwọ́ méjèèjì ní ìbàdí.

“Èyí tó dúró bí òpó iná yìí ńkọ́?” ló bi ìyàwó rẹ̀. “Ẹ̀yìn ń dun òun náà ni?”

Mo fi orúnkún méjèèjì lu símẹ́ńtì. “Ẹ káàárọ̀, mà.”

Ìyá padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. Ó ṣa tó bíi mẹ́wàá kó tó dá mi lóhùn: “Hẹ̀n.”