Kókó Tó Wà Nínú Fìlà Ọmọ Massè

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ iṣẹ́ Ẹfúnwùmí, etí fìlà tó hun ni kó wò. Àwọn obìnrin mìíràn ní Adja-Ouèrè náà mọ kroṣé, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ oníkọ́, hun nígbà náà, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí àwọn ṣọ́jà Dàhòmẹ̀ ń gba ìjọba lọ́wọ́ ara wọn bí ọmọdé ti ń ja àkàrà gbà. Ṣùgbọ́n bí àwọn yẹn bá hun fìlà dé òpin, wọn á ta kókó, wọn á gé òwú, ó parí. Ìrù òwú á yọ síta bí irun imú àgbàlagbà. Ti Ẹfúnwùmí kò rí bẹ́ẹ̀. O lè fi àtàǹpàkò yí etí fìlà rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, o kò ní mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, o kò ní mọ ibi tó parí sí.

Kì í ṣe idán. Bó bá ku kó parí, á fi òwú tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ méjì sílẹ̀ kó tó gé e. Á fi ìrù náà sójú abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kò mú, á gbà á lábẹ́ ojú híhun àkọ́kọ́, á dá a padà sáàárín ojú ìkẹyìn, òwú náà á sì sùn síbẹ̀ bí ojú kan láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni á fi abẹ́rẹ́ tọ abẹ́ ojú méje lọ sí ọ̀tún, á padà lábẹ́ mẹ́ta sí òsì, kó má baà yọ. Kò sí kókó rárá. Àsìkò tí ẹlòmíràn fi ń hun odindi fìlà ló fi ń parí etí ẹyọ kan. Ó ti ṣírò rẹ̀, ó rí i pé èrè ni. Ìdí ni pé àwọn ilé kan wà ní abúlé Massè àti Kpoulou nítòsí tí ohun tó ní kókó kò gbọdọ̀ kan orí ọmọ tí a kò tíì sọ lórúkọ. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá ta kókó sórí ọmọ ti di ọmọ náà mọ́lẹ̀ nìyẹn. Irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ kò lè ra fìlà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ́ ní ọ̀nà etí yìí: Cécile, ìyàwó Félicien olùkọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, Ẹfúnwùmí pẹ̀lú abẹ́rẹ́ oníkọ́ rẹ̀, Cécile pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ. Cécile ló ní áyọ́ọ̀nù eléèédú, nítorí náà òun ló ń fi omi gbágùúdá mú fìlà le, tó sì ń na án sórí igbá kékeré kó lè gbẹ dáadáa.

Ọjọ́ kẹfà tí wọ́n bí ọmọ Ṣàngóbíyì ni Ìyábùnmi, ìyá Ṣàngóbíyì, sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Massè ló ti ń bọ̀. Wọ́n fún un ní àga, kò jókòó. Ó na fìlà funfun tó rà lọ́wọ́ Ẹfúnwùmí padà sí i.

“Ẹ kú ewu ọmọ o, ìyá. Àbí kò gba orí rẹ̀ ni?”

“Kò tíì kan orí rẹ̀. Fọwọ́ kan ibi tí ìka mi wà yìí.”

Ẹfúnwùmí fọwọ́ kàn án. Ó ti ń rẹ́rìn-ín bọ̀, ẹ̀rín náà sì gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Kókó ni. Kò ju hóró yánmọtí lọ, ṣùgbọ́n kókó ni.

“Ọ̀túnla la ó sọ ọmọ lórúkọ,” ni Ìyábùnmi wí. “Ìyàwó ọmọ mi ti sin méjì ṣáájú eléyìí. Ta ló wá rán ọ sí ẹ̀kẹta?”

“Ìyá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀!”

“Kí ni kí n sọ? Kí n kí ọ kú iṣẹ́?”

Ẹfúnwùmí mọ iye tí ọ̀rọ̀ náà yóò ná òun. Bí ìyá yìí bá gbé e padà sí Massè, kí oòrùn tó wọ̀, yóò ti dé Kpoulou. Kò ní sí ìyá-ọkọ kan tí yóò tún fi iṣẹ́ rẹ̀ bo orí ọmọ. Ogún ọdún iṣẹ́, hóró yánmọtí kan ló fẹ́ gbé e mì.

Ó tẹjú mọ́ fìlà náà. Kókó náà kò sí létí. Ìlà kẹta sí etí ló wà, nínú, níbi tí òun kì í parí òwú sí láéláé. Kí ẹnikẹ́ni tó lè ta kókó síbẹ̀, ó ní láti tú etí náà, kó ta á, kó hun ìlà mẹ́ta padà, kó sì tún etí náà dì tí kò fi ní hàn. Ta ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Adja-Ouèrè? Ta ni fìlà náà sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ lórí igbá?

Ẹ̀rọ ìránṣọ ti dákẹ́. Cécile ń wò wọ́n.

Ẹni tí ìfura bá wọ inú rẹ̀, gbogbo nǹkan ni ẹ̀rí lójú rẹ̀. Ẹfúnwùmí rántí pé Cécile béèrè lóṣù tó kọjá bóyá ó rọrùn láti rí abẹ́rẹ́ oníkọ́ rà ní Pobè. Ó rántí ẹ̀rín kan tó rín. Ó rántí pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bíi Cécile kò ka kókó sí nǹkan kan. Ó ti dá ẹjọ́ náà tán kó tó la ẹnu.

“Ìyá, èmi kọ́ ni mo fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn. Cécile ni.”

“Ẹ̀gbọ́n?” Cécile dìde. “Èmi?”

“Ìwọ nìkan lo mọ etí mi.”

“Ẹ̀gbọ́n, èmi tí mo ti ń jẹun nínú àwo yín láti ọdún mẹ́sàn-án?”

“Ẹni tó ń bá ni jẹun náà ló ń mọ ibi tí a fi iyọ̀ sí,” ni Ìyábùnmi dá sí i, ó sì wá jókòó wàyí, bí ẹni tó rí ìran tó fẹ́ wò.

Cécile kò sunkún. Ó sún mọ́ wọn. “Ẹ tú u.”

“Kí ni?”

“Etí fìlà náà. Ẹ tú u níwájú ìyá. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí, ẹ̀yin náà mọ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni mo dì í, òsì ni òwú á kọ́kọ́ tọ̀, á wá padà sí ọ̀tún. Ẹ tú u ká wò ó.”

Ẹfúnwùmí ń yí fìlà náà lọ́wọ́. Kò tíì tú etí kan lójú ẹnikẹ́ni rí. Bó bá tú u, Ìyábùnmi yóò rí gbogbo ọ̀nà iṣẹ́ náà, gbogbo Massè yóò sì mọ̀ ọ́n lọ́la. Ó ń wọn ìyẹn wò nínú ara rẹ̀, kò sì mọ̀ pé òun ti pẹ́ jù nídìí rẹ̀.

“Kí ló dé tí ọwọ́ rẹ ń lọ́ra?” ni Ìyábùnmi bi í. Ojú tó fi ń wo Cécile tẹ́lẹ̀, Ẹfúnwùmí ló yí i sí.

Ló bá mú abẹ́rẹ́. Ó wá ìrù òwú náà títí ó fi rí i, ó ń fà á yọ díẹ̀díẹ̀, Cécile sì ń kà á sókè. Mẹ́ta wá láti òsì. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, títí dé méje, láti ọ̀tún.

Ọwọ́ Ẹfúnwùmí fúnra rẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni kò tú etí náà rí.

Cécile padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó bò ó, ó sì ránṣẹ́ pe Félicien kó wá bá òun gbé e.

“Ìyàwó olùkọ́ ti bọ́,” ni Ìyábùnmi wí. “Ta ló wá kù?”

Ẹfúnwùmí ń tú ìlà náà lọ títí kókó náà fi jáde sórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Kókó tín-ín-rín ni, wọ́n gé ìrù rẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé èékánná kò lè dì í mú. Kò mọ irú kókó bẹ́ẹ̀ ta. Kò sí ọwọ́ ènìyàn tó mọ̀ tó ń ta á.

Ìgbà náà ni ọkàn rẹ̀ lọ sórí òwú. Tẹ́lẹ̀, òwú ìdì ló ń rà, ó sì máa ń fi odindi ìrọ̀lẹ́ kan ká a lórí orúnkún. Gbogbo òwú náà ló ń gba àárín ìka rẹ̀ kọjá kó tó hun ún. Bó bá rí kókó, á gé e sọnù. Ní ọdún yìí ni òwú tí ẹ̀rọ ti ká ní bọ́ọ̀lù dé sí ọjà, ó sì dúpẹ́ pé òun jèrè ìrọ̀lẹ́ kan lórí bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ tó sì hun fìlà yìí, ọ̀bẹ ti gé e níka níbi tó ti ń bẹ gbágùúdá; àkísà ló fi dì í, orí àkísà yẹn ni òwú ń gbà.

“Ìyá, mo rò pé inú bọ́ọ̀lù ni wọ́n ti ta á. Ìyókù rẹ̀ wà nínú agbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n tú u.”

“Má fọwọ́ kàn án! Kó o lè ta òmíràn síbẹ̀ lójú mi? Gbé e wá. Èmi ni n ó tú u.”

Ìyábùnmi bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́ọ̀lù náà, ó ń kó òwú jọ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fi ìka méjì tọ̀ ọ́ bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Félicien dé, òun àti Cécile gbé ẹ̀rọ lọ, wọn kò wẹ̀yìn. Oòrùn kúrò lórí òrùlé, ó wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyábùnmi kò rí nǹkan kan. Bọ́ọ̀lù náà kéré títí ó fi dà bí òroǹbó wẹ́wẹ́, kò rí nǹkan kan. Ẹfúnwùmí ti ń wo ilẹ̀.

“Háà,” ni Ìyábùnmi wí.

Ó gbé òwú náà súnmọ́ ojú. Ọmọ ìyá kókó àkọ́kọ́ ni, tín-ín-rín, wọ́n gé ìrù rẹ̀ mọ́lẹ̀ bákan náà.

“Ẹ̀rọ ló ń ta kókó báyìí,” ló wí, ó sì tu itọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ó dára. Ẹ̀rọ kò bá wa ṣọ̀tá. Òwú tó wà lórí ẹsẹ̀ mi yìí, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò dé òpin. Òun ni kó o fi hun òmíràn. N ó wá mú un lọ́la.”

Ó wá ní ọjọ́ kejì. Ó fi àtàǹpàkò yí i ká, ó fi etí fìlà náà kan ètè, ó sì gbé e lọ. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ó fi iṣu mẹ́fà ránṣẹ́.

Ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n oògùn tí a bá lò ju bó ti yẹ, ara ẹni ló ń jẹ. Ẹfúnwùmí ṣírò ọ̀rọ̀ náà: orúkọ rẹ̀ kò bàjẹ́, àyè ẹ̀rọ tó ṣófo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ni ohun tó ná an. Ó gbé iṣu mẹ́ta, ó lọ sílé olùkọ́.

Cécile wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀fọ́. Ó kí i bó ti yẹ, ó fún un ní àpótí, ó sì ń ṣa ẹ̀fọ́ lọ.

“Mo wá bẹ̀ ọ́ ni,” ni Ẹfúnwùmí wí.

“Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n.”

“Mo ti ṣẹ̀.”

“Kì í ṣe pé ẹ fura ló dùn mí. Ìyá Massè náà fura. Ṣùgbọ́n ó bi yín kó tó bínú. Ẹ̀yin, ẹ ò bi mí.”

“Mi ò bi ọ́.”

“Ẹ bi mí báyìí.”

Ẹfúnwùmí wo ojú rẹ̀, ó rí i pé kì í ṣe eré. Ó fi ọwọ́ nu ẹnu.

“Cécile, ṣé ìwọ lo ta kókó sínú fìlà ọmọ náà?”

“Rárá, ẹ̀gbọ́n.”

Cécile gbé iṣu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé, ó sì gbé omi mímu jáde fún un.