Ẹ̀gẹ́ Tí Kò Rọ̀ Lábàtà Apòmù

Ìjọba ológun ló wà lórí àlééfà nígbà náà, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ni Ìkirè àti Apòmù ṣì wà. Tíṣà ni mí, mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ olùkọ́ ládùúgbò wa, mo sì gbà pé kò sí ìjà tí n kò lè fi bíírò mi jà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń béèrè bí a ṣe gba omi wa lọ́wọ́ olówó, ẹ gbọ́ ibi tó dára, kí ẹ sì gbọ́ ibi tó ń dùn mí.

Lábàtà tó wà láàárín ìlú méjèèjì, àwọn obìnrin máa ń gbẹ́ kòtò sétí omi, wọn a rẹ ẹ̀gẹ́ síbẹ̀ fún fùfú. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń kan tó fi ń rọ̀. Lọ́dún yẹn, ọjọ́ kẹrin pé, ìkẹjọ pé, ẹ̀gẹ́ le koko bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ ẹ́. Òkú ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ń léfòó lójú omi. Ilé tí fùfú ń bọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ebi sùn.

Kòtò Rábíátù ló wà lókè pátápátá, níbi tí omi ti ń wọlé. Opó ni. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹ̀sìn wọn ní kó fi jókòó sílé kò tíì pé, ebi ọmọ ló lé e jáde. Àwọn yòókù ní ọwọ́ opó ló ba omi jẹ́. Olórí wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ẹgbẹ́, ránṣẹ́ pè mí pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé Rábíátù kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ mọ́.

"Ìyá, ṣé ó dá yín lójú?"

"Tíṣà, a ní kí ẹ kọ̀wé, a ò ní kí ẹ dájọ́."

Mo kọ ọ́. Mo tún fi rúlà fa ìlà sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Wọ́n kàn án mọ́ igi lẹ́nu ọ̀nà àbàtà.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, Rábíátù gbé ìkòkò méjì wá sílé mi. Ó ní ẹ̀gẹ́ kan náà lòun pín sí méjèèjì, omi kànga wà nínú ọ̀kan, omi àbàtà wà nínú èkejì.

"Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, Tíṣà."

Ti kànga fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ó ń rùn bó ṣe yẹ. Ti àbàtà le bí igi.

"Ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi bẹ méjèèjì," ló wí. "Èwo ló wá burú níbẹ̀?"

Ojú tì mí. Mo gbé ìkòkò méjèèjì lọ fi han Ìyá Ẹgbẹ́.

Èmi, Rábíátù àti Ìyá Ẹgbẹ́, tí kò bá a sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, tọ omi náà lọ sókè. Oko adìyẹ ńlá kan la bá níbẹ̀. Àrùn ti wọ inú adìyẹ wọn, wọ́n ń po oògùn sómi fún wọn lójoojúmọ́. Àjẹkù oògùn àti omi tí wọ́n fi fọ dúrọ́ọ̀mù ń gba inú gọ́tà kan wá sí àbàtà wa. Nọ́ọ̀sì kan ní Ìkirè ló là á yé wa pé kòkòrò tí ojú kò rí ló ń mú ẹ̀gẹ́ rọ̀, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn sì ń pa ìyẹn náà.

"Kòkòrò tí kò kú níbẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù," ló wí. "Oògùn náà kò ní í ràn án mọ́. Lọ́jọ́ tó bá wọ ara ọmọ yín, kí lẹ máa fún un?"

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn obìnrin ru ẹ̀gẹ́ líle lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n lè bá wa dí gọ́tà náà. Mo wà níwájú, Rábíátù wà lẹ́yìn pátápátá torí kò sẹ́ni tó pè é. Àwọn ọlọ́pàá gbé ìbọn dúró lẹ́nu géètì. Ọ̀gá wọn ní kí a tú ká kí òun tó kà dé mẹ́wàá.

"Oògùn ni wọ́n dà sómi, kì í ṣe májèlé. Kí lẹ ń bínú sí?" ni ọ̀gá náà wí.

Rábíátù gba àárín èrò kọjá, ó fi ẹ̀gẹ́ kan lé e lọ́wọ́. "Ọ̀gá, ọjọ́ kọkànlá rèé tó ti wà nínú omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tẹ̀ ẹ́."

Ọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀. Ó dájú pé fùfú ni wọ́n fi tọ́ òun náà. Kò ka mẹ́wàá mọ́. Ó ní kí wọ́n lọ pe ọ̀gá inú ọ́fíìsì jáde.

Kí òjò ọdún yẹn tó dá, wọ́n dí gọ́tà náà, ẹ̀gẹ́ tún ń rọ̀. Nígbà tó yá, oko adìyẹ náà la gọ́tà mìíràn sí ọ̀nà Ìkòyí tó wà nítòsí wa. A gbọ́, a dákẹ́, torí kì í ṣe omi tiwa. Ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn. Títí dòní, n kò mọ ohun tó kù nínú ẹrẹ̀ ibẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dá nọ́ọ̀sì yẹn lóhùn.

Èmi àti Ìyá Ẹgbẹ́ lọ bẹ Rábíátù nínú yàrá rẹ̀. Ó fún wa lómi mu.

"Mo ti dárí jì yín," ló wí. "Ṣùgbọ́n ìwé lẹ fi lé mi, ẹ ò lè fi ẹnu lásán pè mí padà. Ẹ kọ òmíràn, kí ẹ kàn án síbẹ̀."

Ìyá Ẹgbẹ́ ní ìyẹn yóò sọ ẹgbẹ́ di yẹ̀yẹ́. Èmi tí mo ń kọ̀wé sí gómìnà, n kò kọ ìlà kan. Rábíátù kó lọ sí Ararọ̀mí-Òwu, ibẹ̀ ló kú sí. Wọ́n ṣì ń sọ ọ́ létí àwọn ọmọ rẹ̀ pé ìyá wọn ba omi jẹ́.

Rábíátù kò ba omi jẹ́. Òun ló gbà á padà fún wa. Èmi Tíṣà ni mo kọ ìwé yìí.