Fẹ́sípà Méjì, Ìdí Méjì

Ọjọ́ tí fẹ́sípà bàbá mi kú sábẹ́ mi, n kò ṣàánú rẹ̀ rárá. Èébú ni mo bú u. Òkè kan wà lójú ọ̀nà Òkè-Bùkún tí gbogbo ẹni tó ń gun alùpùpù mọ̀. Ibẹ̀ ló ti han bí irin tí wọ́n ń wọ́ lórí àpáta, tí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ sì gan pa. Mo fẹsẹ̀ gbá a pé kó tún dìde, kò mira. Mo bú u, mo bú ọ̀nà náà, mo bú àwọn tó gba iṣẹ́ ọ̀nà tí wọn kò ṣe é, lẹ́yìn náà ni mo tì í títí dé ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti kọrin òwúrọ̀ tán.

Hẹ́dìmásítà wa kì í pariwo, ìwé ló máa ń kọ. Ó ti kọ kúẹ́rì méjì fún mi lórí pípẹ́, ó sì ti ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀kẹta ló máa gbé mi kúrò níbẹ̀, ibi tí wọ́n bá sì gbé mi lọ kò ní jẹ́ tòsí. Èmi lè fara da ibikíbi. Ṣùgbọ́n ìyá mi wà lọ́dọ̀ mi ní Kàbà, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, èmi nìkan ló sì bí. Ọ̀kadà kì í fẹ́ gba ọ̀nà yẹn láàárọ̀ àfi bí èrò bá pé méjì tàbí mẹ́ta, wọn á sì mú ọ jókòó títí oòrùn á fi ga. Fẹ́sípà yẹn ló ń jẹ́ kí n jí nílé mi, kí n lọ síbi iṣẹ́ mi, kí n sì padà wá bu oúnjẹ fún ìyá mi. Bí kò bá rìn mọ́, èmi àti ìyá mi yóò pínyà nìyẹn.

Mo jogún rẹ̀ ni. Bàbá wa ní fẹ́sípà méjì, ọ̀kan ń rìn, ọ̀kan jókòó sábẹ́ igi ọsàn lẹ́yìn ilé. Èyí tó jókòó ló ń bọ́ èyí tó ń rìn. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lára èyí tó ń rìn, bàbá á mú sípánà, á lọ sábẹ́ igi ọsàn, á tú irú rẹ̀ wá. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń ṣe é, kò gbà kí mẹkáníìkì kankan fọwọ́ kan án. Nígbà tí ó kú, ẹbí jókòó láti pín ohun tó fi sílẹ̀. Ìyàwó méjì ló ní, nítorí náà ìdí-igi méjì ló wà. Àbúrò bàbá mi tó jẹ́ olórí ẹbí wo fẹ́sípà méjì, ó wo ìdí méjì, inú rẹ̀ dùn. Ó ní Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ti bá wọn pín èyí, kò sí ẹni tí yóò bá ẹnìkan jà.

Àwọn àgbà tó jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ pé ẹ̀mí kan ṣoṣo ló wà nínú irin méjèèjì. Ìdí ti ìyálé ló kọ́kọ́ mú nínú ilẹ̀, wọ́n mú oko káṣú tó dára jù. Nítorí náà, ìdí tiwa ló kọ́kọ́ mú nínú irin. Mo mú èyí tó ń rìn. Ta ni kò ní mú un? Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyálé, wò mí. Èyí tó wà lábẹ́ igi ọsàn di tirẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ojú tí wọ́n fi ń wo olè lọ́jà ló fi ń wò mí, èmi náà sì ń san án padà fún un.

Mẹkáníìkì kan ṣoṣo ló kù ní Kàbà tó gbọ́ èdè fẹ́sípà, bàbá arúgbó kan tí ìka rẹ̀ ti wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń tún ọ̀kadà ṣe ò tilẹ̀ fẹ́ rí i. Bí o bá gbé fẹ́sípà dé ọ̀dọ̀ wọn, wọn á rẹ́rìn-ín bí ẹni pé ràkúnmí lo fà wá. Láàárín ọdún méjì tí mo ti ń gùn ún, ohun tó ti wọ inú ẹ́ńjìnnì yẹn kì í ṣe ti fẹ́sípà mọ́. Bẹ́árìn tó wà níbẹ̀, ara ẹ̀rọ ìlọta ni bàbá mẹkáníìkì náà ti yọ ọ́. Rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, inú táyà tírélà ló ti gé e. Ó máa ń sọ pé kò sí ohun tí a kò lè fi nǹkan mìíràn rọ́pò. Lọ́jọ́ tí mo ti fẹ́sípà dé iwájú rẹ̀ yìí, ó tú u, ó sì yọ irin kan tó ti ṣẹ́ jáde.

Kírànkì ni. Irin yẹn ló ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, òun ló ń gba agbára lọ́wọ́ písítìn tó fi ń dé ọ̀dọ̀ táyà. Bàbá ní èyí kò ní arọ́pò.

Mo gbọ́, ṣùgbọ́n n kò gbà. Mo wá a dé Lọ́kọ́ja, mo wá a dé Òkéné. Mo ránṣẹ́ sí Ìlọrin, ẹni tó ń ta páàtì níbẹ̀ fi kírànkì ọ̀kadà ránṣẹ́ sí mi, ó ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n. Mo bú u lórí fóònù títí káàdì fi tán. Mo gbé èyí tó ṣẹ́ lọ fún ẹni tó ń jó irin ní Òkéné, ó jó o pọ̀, ó fi ẹ̀rọ ha á kó lè dán. Bàbá mẹkáníìkì sọ fún mi pé irin yẹn kò ní pẹ́ kó tó dójú tì mí. Mo ní kó ṣáà fi í sínú ẹ́ńjìnnì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi gùn ún, lọ́jọ́ kẹwàá ó tún ṣẹ́ síbi kan náà, lórí òkè kan náà. Mo jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, mo sunkún, kì í ṣe ẹkún ìbànújẹ́ o. Inú ló ń bí mi.

Nígbà náà ni bàbá arúgbó yẹn sọ ohun tí mo ti mọ̀, tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ. Ó ní, “Tíṣà, kírànkì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ó kù, abẹ́ igi ọsàn bàbá yín ló wà.”

Ó sàn kí n lọ bẹ ejò. Síbẹ̀ mo lọ. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń gé ẹ̀bù iṣu. Mo kúnlẹ̀, mo kí i pé, “Okun o.” Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí o bá kí ní okun tí kò dá ọ lóhùn, ó ti sọ gbogbo ohun tó ní í sọ fún ọ. Ó gé ẹ̀bù mẹ́rin kó tó gbójú sókè. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ mi, mo sọ ti iṣẹ́, mo sọ ti ìyá mi. Ó ní fẹ́sípà tòun kò sí fún títú. Mo rìn padà sílé, mo ń ka gbogbo ìwà burúkú tó ti hù láti kékeré, mo sì rí púpọ̀ kà.

Mo tún lọ lẹ́ẹ̀kejì. Mo gbé iṣu lọ́wọ́, mo gbé ẹja gbígbẹ dání. Ó gba ìkíni mi lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n kò gba ẹrù. Ó bi mí bóyá inú mi dùn sí ohun tí wọ́n pín fún mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe ń jáde, mo wo fẹ́sípà yẹn níbi tó jókòó sí, adìyẹ ti yé sínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ìpẹtà ti mú irin tí a fi ń gbá a dìde. Mo rò ó nínú ara mi pé ènìyàn tó lè jókòó ti oúnjẹ tí kò lè jẹ, tí kò sì ní jẹ́ kí ẹlòmíràn jẹ ẹ́, Ọlọ́run ló mọ ohun tí wọ́n fi mọ ọ́n.

Lẹ́ẹ̀kẹta, èmi kò gbé ohunkóhun dání. Mo ti ń sùn nílé ọ̀rẹ́ kan lábúlé ilé-ìwé kí n má bàa pẹ́, mo sì ti sú àwọn ará ilé náà, ìyá mi sì ti fi ọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná nílé nígbà tí n kò sí níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí títí. Ó ní òun gbà, kí n mú mẹkáníìkì wá lọ́jọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n ẹni tó pín in gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀ kí wọ́n tó tú u. Mo dúpẹ́, mo sì kórìíra rẹ̀ bí mo ṣe ń dúpẹ́ náà. Mo rò pé ó fẹ́ kí olórí ẹbí rí mi nínú iyẹ̀pẹ̀ ni.

Ní Sátidé, àbúrò bàbá mi dé, ó jókòó sórí àga tó dára jù nílé, ó ń fa tẹ̀súbà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Inú rẹ̀ dùn pé àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n òun parí ìjà. Bàbá mẹkáníìkì tú nọ́ọ̀tì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ra fẹ́sípà, ó gbé e sókè, ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́.

“Ó fúyẹ́,” ni ó wí.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kó máa tú u. Ó là á sí méjì. Aṣọ kákí kan ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ká jọ, tí wọ́n sì kì bọ̀ ọ́ kí eruku má bàa wọlé. Mo mọ kákí náà. Ṣòkòtò tí bàbá wa máa ń wọ̀ lọ́jọ́ tó bá ń tún fẹ́sípà ṣe ni. Bàbá mẹkáníìkì fà á jáde, a yẹjú wo inú ẹ́ńjìnnì, kò sí kírànkì, kò sí písítìn. Ó wá yé mi pé bàbá wa ti yọ gbogbo rẹ̀ nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ti kó o sínú èyí tó ń rìn. Kírànkì tí mo ń kúnlẹ̀ bẹ̀, òun náà ni mo ti fi ara mi gùn títí tó fi ṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kò wo inú ẹ́ńjìnnì. Olórí ẹbí ló tẹjú mọ́. Ó ní, “Bàbá, ọ̀sẹ̀ kejì tí ẹ pín in ni mo tú u, mo sì wá bá yín. Mo ní kí ẹ wá wo ohun tí ẹ fún mi. Kí lẹ sọ fún mi?”

Bàbá fa tẹ̀súbà mẹ́ta mẹ́rin. Ó ní ohun tí òun sọ ni pé a kì í pín ogún lẹ́ẹ̀mejì, òun sì tún sọ ọ́.

Ó yẹ kí n sọ pé pẹ̀lẹ́. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà, mo sì mọ̀ ọ́n títí di òní. Ṣùgbọ́n eékún mi ló ń ta mí, inú sì bí mi dé góńgó. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ wá jẹ́ kí n máa kúnlẹ̀ fún yín?”

Ó ní, “Ọdún méjì lo fi ń gun tìrẹ kọjá lára mi lọ́nà oko. Ìgbà wo lo dúró gbé mi?”

N kò dúró rí. Mo tilẹ̀ máa ń fọn fèrè kó lè yà fún mi. Mo lọ sílé.

Kúẹ́rì kẹta dé kí oṣù náà tó parí. Wọ́n gbé mi lọ sí apá Ẹ̀júkù, ìyá mi sì kọ̀ láti bá mi lọ. Ó ní ojú tòun ti mọ ilé ara rẹ̀, kò lè máa kọ́ ilé mìíràn. Obìnrin tó múlé tì wá ló ń dáná fún un báyìí, òpin ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń rí i, bí mo bá rí ọkọ̀. Lọ́sẹ̀ tí mo fẹ́ lọ, mo ronú, mo sì rò pé mo ti ronú dáadáa. Mo pe ẹni tó ń ti ọmọlanke, mo ní kó gbé fẹ́sípà mi lọ fún ẹ̀gbọ́n mi, kó sọ fún un pé mo fi sílẹ̀ fún un tọkàntọkàn, kó di tirẹ̀ pátápátá. Ara mi fúyẹ́. Mo jókòó, mo jẹun.

Oúnjẹ náà kò tíì dà nínú mi tí mo fi gbọ́ ariwo ọmọlanke lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbé e padà wá. Mo bi í léèrè ohun tí ẹ̀gbọ́n mi wí, ó kọ́kọ́ nu ojú rẹ̀ kó tó dáhùn.

“Ó ní kí n sọ fún yín pé wọ́n ti fún òun ní irú rẹ̀ rí.”